Ewé Ìsàlẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ kú ìjókòó o. Ewé ìrèké méjì ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ìdí kan ṣoṣo ni mo ti já wọn. Ti òkè ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè láti ṣóńṣó wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń gbẹ.

Ẹ lè ní ó gbó ni. Ó gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ló yá a lára. Nígbà tí náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ pàtàkì tí ewéko ń fà láti inú ilẹ̀, bá wọ́n, ìrèké a máa tú ti ara ewé àgbà, a gbé e fún ewé tuntun lókè. Àgbà gbààwẹ̀ kí ọmọ lè jẹun.

Kí ni ewé ń fi í ṣe? Klórófíìlì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ṣeé mọ láìsí i: átọ́ọ̀mù náítírójìn mẹ́rin ló yí mágínísíọ̀mù kan ká nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń sọ afẹ́fẹ́ di ṣúgà náà, purotéènì ni gbogbo wọn, kò sì sí purotéènì tí kò ní náítírójìn.

Ìrèké ní ọgbọ́n kan tí ìrẹsì kò ní. Onímọ̀ sáyẹ́ńsì Kortschak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hawaii kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1965. Lọ́dún kejì, Hatch àti Slack ní Brisbane, Ọsirélíà, tú u palẹ̀. Ẹ́ńsáìmù PEPC ló ń kó kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́, tí a sì ń rù ú lọ bá Rubisco, ẹ́ńsáìmù tó ń fi í ṣe ṣúgà, nínú sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ewé ká. Nítorí pé kábọ́ọ̀nù ń kún ibẹ̀ bámú, Rubisco díẹ̀ ti tó iṣẹ́, náítírójìn díẹ̀ náà sì tó o.

Àwọn kan wá rò pé ebi yìí kò lè mú ìrèké. Rárá o! Bí náítírójìn bá já wálẹ̀, PEPC àti Rubisco á dín kù, klórófíìlì á ṣí, ihò tí ewé fi ń mí á fún. Oòrùn á ràn, ewé kò ní rí irinṣẹ́ tí yóò fi lò ó. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ewé tuntun á kéré, ìdí ìrèké kò ní yọ ọmọ tó, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀ láàárín ebè, oòrùn á sì máa ṣòfò sórí iyẹ̀pẹ̀.

Wọ́n á ní ìrèké tí ebi pa ló ń dùn. Bó bá ti kù díẹ̀ kí a gé e, bẹ́ẹ̀ ni: ìdàgbà rẹ̀ á rọlẹ̀, ṣúgà á ṣù jọ sínú igi. Àmọ́ ebi oṣù kẹta lẹ́yìn gbígbìn kì í ṣe ti oṣù kọkànlá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dùn, mélòó la fẹ́ kó kún ọkọ̀?

Ní Brazil, ẹgbẹ́ Johanna Döbereiner kọ̀wé ní 1988 nípa bákítéríà (kòkòrò àìfojúrí) kan tó ń gbé inú igi ìrèké, tó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ da ajílẹ̀ nù.

Ẹ gba ewé méjèèjì, ẹ gbé e káàkiri. Ẹ na èyí tó pọ́n sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kí ẹ rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.