Ọlọ́pàá Faransé àti ẹ̀sìn: ta lòfin dè gan-an?

Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá Faransé ló wà nílẹ̀ lónìí. Mi ò ní í padà sí bí ìjọba ibẹ̀ ṣe yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa òfin ọdún 1905 tó ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn. Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣì í mú ni ká lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ pé ìjọba Faransé ò ní ẹ̀sìn, ẹ ti rò pé ọlọ́pàá á máa lé ẹlẹ́sìn kiri. Rárá! ỌLỌ́PÀÁ LÒFIN YẸN DÈ, KÌ Í ṢE ARÁÀLÚ! Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò gbọdọ̀ wé láwàní, kò gbọdọ̀ lo hìjáàbù. Aráàlú tí ọlọ́pàá ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú pópó lè lo èyí tó bá wù ú.

Ẹ wo rẹfirí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ò ní í ṣàì wọ̀ ọ́.) Ó lè jẹ́ pé Arsenal ló fẹ́ràn láti kékeré, àmọ́ tó bá ti fi fèrè sẹ́nu, kò gbọdọ̀ wọ jẹ́sì wọn. Ta ló wá máa ní kí òǹwòran bọ́ tiẹ̀?

Ó tán? Kò tíì tán! Nínú òfin 1905 yìí náà, ẹni tó bá da ìjọsìn rú ti rú òfin. Ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ èèyàn pé kó ṣẹ̀sìn, tàbí kó má ṣe é, òun náà ti rú u. Kódà, wọn ò gbọdọ̀ ṣèpàdé òṣèlú nílé ìjọsìn. Ẹ gbé ìyẹn wá sílé wa lásìkò ìbò, ká wo ṣọ́ọ̀ṣì tó máa yè é!

"Ṣebí wọ́n fòfin de ìbòjú?" Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́. Òfin ọdún 2010 nìyẹn, ìtanràn rẹ̀ ò ju 150 yúrò lọ. Kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má bo ojú níta gbangba. OJÚ o, kì í ṣe ORÍ! Hìjáàbù ò sí níbẹ̀. Ọlọ́pàá ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá ṣí ìbòjú lójú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ká má tan ara wa: gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ní 2016, àwọn olórí ìlú kan létíkun gúúsù tún sọdá ààlà: wọ́n ní káwọn obìnrin má wọ aṣọ ìlúwẹ̀ tó bo gbogbo ara, wọ́n sì rán ọlọ́pàá lọ sínú iyanrìn. Ní August 26, Conseil d'État, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún ẹjọ́ tó kan ìṣàkóso ìjọba, dá òfin ti Villeneuve-Loubet, ọ̀kan lára àwọn ìlú náà, dúró. Adájọ́ béèrè pé rúkèrúdò wo ni aṣọ yẹn dá sílẹ̀ létíkun. Ìlú náà ò rí ọ̀kan tọ́ka sí.