Bí A Ṣe Ń Ka Ìṣesí Ẹja Onílà Nínú Omi Tí Kò Kọjá Orókún

Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ibi tí mo dúró sí yìí ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ yanrìn Brewster, ní Cape Cod, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn mi, yanrìn ni ẹ óò máa rí títí ojú yín yóò fi rẹ̀, ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn, omi òkun ló bo gbogbo rẹ̀. Omi náà fà sẹ́yìn ju máìlì 1 lọ, ó sì ti yíjú padà báyìí. Ẹja tí a wá wò yóò bá a bọ̀.

Striped bass tàbí striper ni àwọn ará ibí ń pe ẹja náà. Àwọn tí wọ́n ń gbé létí Chesapeake, apá òkun ńlá kan tó ya wọ ilẹ̀ ní gúúsù ibí, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń yé ẹyin, ń pè é ní rockfish. Ẹja onílà ni èmi ń pè é ní tèmi, nítorí pé ilà dúdú 7 tàbí 8 ló nà gbọọrọ lára rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí dé ìdí ìrù, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀kan, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló bu àbàjà fún ẹja ará Amẹ́ríkà yìí.

N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn, n kò sì ní sọ irú ọ̀pá tí ẹ óò rà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yanjú ni ìdí tí ẹ fi ń rí ẹja náà kedere, tí ẹ ń ju ìdẹ sí i, tí ó sì ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni tí olówó-èlé ń lé.

Kí a tó ka ìṣesí rẹ̀, a ní láti rí i ná. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì wọ awò polarized tí ń pa dídán ojú omi. Àwọ̀ ẹ̀yìn ẹja yìí máa ń ṣá lórí yanrìn funfun, ó máa ń jọ omi gan-an, nítorí náà òjìji rẹ̀ nílẹ̀ ni ẹ óò máa wá, kì í ṣe ara rẹ̀. Bí òjìji bá ń rìn, ẹja ni. Bí kò bá rìn, ó lè jẹ́ koríko inú omi, ó sì lè jẹ́ ẹja tí ń sinmi. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Ìyá mi ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní gáréèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pa ẹja rí láyé rẹ̀. Màmá kì í wo ojú èrò. Ẹsẹ̀ wọn ló máa ń wò. Ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ mú ṣinṣin, tí ó ń rìn kánkán, tí kò yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ti mọ ọkọ̀ tí ó fẹ́ wọ̀, kò sì ní rà. Ẹni tí ó fi àpò ṣe ìrọ̀rí lábẹ́ igi ń dúró de ọkọ̀ tí kò tíì kún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó rìn díẹ̀, tí ó dúró, tí ó yà, tí ó tún padà sẹ́yìn, ebi ń pa á, òun ni Màmá máa ń kí. Ẹja onílà kò yàtọ̀ sí èrò gáréèjì. Ẹni tí ń rìnrìn àjò wà nínú wọn, ẹni tí ń sinmi wà, ẹni tí ń wá oúnjẹ wà, àti pé títóbi ẹja náà kò sọ èyí tí ó jẹ́ fún yín. Ìrìn rẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

Arìnrìn-àjò ni ó rọrùn jù láti mọ̀. Chesapeake, odò Delaware àti odò Hudson ni wọ́n ti ń bọ̀ nígbà ìrúwé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé ẹyin tán, wọ́n máa ń pọ̀ níbí nínú oṣù karùn-ún, wọ́n á sì padà sí gúúsù nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí, ẹ óò rí wọn ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń tọ etí kòtò omi bí omi ti ń kún, eré wọn kò dín, kò lé. Wọn yóò jẹ bí oúnjẹ bá wà lójú ọ̀nà wọn gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò ní yà nítorí rẹ̀. Ẹ má sáré tẹ̀lé wọn o. Ẹ dúró, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti èyí tí ń sinmi, ó dúró gbagidi nínú kòtò tí ó jìn díẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ nìkan ló ń mì, ọ̀sán gangan sì ni ẹ máa ń rí i jù. Omi tí ó wà láàárín ìwọ̀n 13 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ẹja yìí fẹ́ràn. Bí omi bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ńlá inú wọn á lọ síbi tí ó jìn, wọ́n á sì dúró de òru tàbí ìdájí kí wọ́n tó padà wá jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tipátipá mú ẹja tí ooru ti sọ di aláìlágbára. Nǹkan bí 9 nínú 100 tí a mú tí a sì dá padà ni àwọn alábòójútó ẹja ń ṣírò pé yóò kú, omi gbígbóná a sì máa mú kí ikú náà pọ̀ sí i. Ní ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé a ti pa ẹja yìí kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ Maryland ti fòfin de pípa rẹ̀ pátápátá rí, láti 1985 títí di 1990. Nísinsìnyí, ẹyọ kan lójúmọ́ ni òfin Massachusetts gbà fún ẹni tó ń fi ìpẹja ṣeré, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ínǹṣì 28, kò sì gbọdọ̀ tó 31. Àwọn kan tún ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá 32 náà kò ní burú. Yóò burú. Ẹ dá a padà.

Ó wá ku ẹni tí ebi ń pa, tí mo tìtorí rẹ̀ wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, omi kò tíì kan orókún mi, ọ̀kan tí gígùn rẹ̀ tó apá mi yà kúrò létí kòtò wá sórí yanrìn níwájú mi. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó dorí kodò, ìrù rẹ̀ sì yọ síta, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó, yanrìn sì ń rú sókè nídìí ẹnu rẹ̀ bí èéfín. Akàn kékeré kan jáde láti inú èéfín náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sá lọ. A máa ń sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Èyí fi ojú méjèèjì wo ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹja náà yí po, ẹnu funfun là lẹ́ẹ̀kan, n kò sì rí akàn mọ́.

Ẹja tí ó bá dorí kodò báyìí, akàn tàbí edé ni ó ń tú nínú yanrìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí ó ń ta yọ lójijì, tí omi ń yí gbirigbiri lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ẹyẹ òkun kéékèèké ń já ṣòòròṣò sínú omi lókè rẹ̀, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní sand eel ló ń lé, èyí tí ó rí bí abẹ́rẹ́, tí òun náà máa ń rì sínú yanrìn. Ìgbà mìíràn wà tí ẹ kò ní rí nǹkan kan, àfi kí apá ibì kan lójú omi máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, nígbà tí ìyókù parọ́rọ́. Ẹja ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ti yá báyìí. Ẹ sún mọ́ mi, nítorí ibí yìí ni gbogbo yín ti ń ṣì í ṣe, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti ṣì í ṣe fún odindi ọdún kan. Ẹ rí ẹja tí ń jẹun, inú yín dùn, ẹ ju ìdẹ àtọwọ́dá tó jọ akàn tàbí sand eel kọjá rẹ̀, ẹ sì ń fà á padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara yín. Kí ni ẹja náà rí? Ó rí akàn tí ó ń sáré bọ̀ wá kọlù ú! Ẹ ti rí adìyẹ tí ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí? ÌDẸ KÒ GBỌDỌ̀ SÁRÉ LỌ BÁ ẸJA. Mo tún un sọ: ÌDẸ KÒ GBỌDỌ̀ SÁRÉ LỌ BÁ ẸJA. Kí ó máa sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ní ọdún tí mo ń wí yẹn, mo rò pé àwọ̀ ìdẹ ni kò dára, mo sì ra pupa, mo ra funfun, mo ra aláwọ̀ ewé, ẹni tí ń tà á fún mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, owó ń lọ, ẹja ń sá.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Bí ẹja bá ń ti òsì yín lọ sí ọ̀tún, ẹ jẹ́ kí ìdẹ balẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 10 níwájú rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ tí ó kọjú sí yín, kí ó rì. Ẹ má fà á. Ẹ dúró títí ẹja yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, kí ẹ wá mì ín lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá yà tẹ̀ lé e, tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ nà ró, tí eré rẹ̀ lé sí i, ó ti gbà nìyẹn. Bí ó bá tẹ̀ lé e ṣùgbọ́n tí kò yára, iyèméjì ń ṣe é, ohun tí ẹ óò sì ṣe wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ ti rí i tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Akàn tí ẹ̀rù bà máa ń rì mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ dá ìdẹ dúró, kí ó jókòó sínú yanrìn. Sand eel tí ẹ̀rù bà máa ń sáré, nítorí náà ẹ yára sí i díẹ̀. Ẹni tí kò wo ìrù àti èéfín yanrìn ṣáájú kò lè mọ èyí tí yóò yàn, òun ni yóò sì padà wá sọ fún mi pé ẹja náà ń ṣe agídí.

Ẹ má gbàgbé pé ẹja náà ń ka ìṣesí tiyín pẹ̀lú. Láàárín àwọn ilà tí a ń rí lára rẹ̀ ni ilà mìíràn wà tí ó fi ń gbọ́ ìgbọ̀n omi, gbogbo ìṣísẹ̀ yín ni ó sì ń dé ibẹ̀. Ó tún ń wo òkè láti inú ohun tí ó dà bí fèrèsé róbótó, fèrèsé náà a sì máa kéré bí ó bá ti súnmọ́ ojú omi tó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo sì ń fa ẹsẹ̀ mi láì gbé e sókè.

Omi ti dé ìdajì ojúgun mi nígbà tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń gba inú kòtò ẹ̀yìn wa kọjá kí ó tó dé iwájú, nítorí náà ẹni tó bá wà níta jìnnà gbọ́dọ̀ ti máa padà sí etíkun. Ẹ wo ọwọ́ òsì mi lọ́hùn-ún, níbi tí yanrìn ti dá mọ́ kòtò. Òjìji 3 ni mo rí. Méjì ń lọ tààrà. Ẹ̀kẹta ti dúró, ó yà. Ẹ bá mi di kámẹ́rà yìí mú.