Ta Ló Mọ Àwọn Ère Yẹn?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya kọ́mííkì, ní Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Púpọ̀ nínú yín ló mọ Fantastic Four, kọ́mííkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àmọ́ kì í ṣe àwọn akọni mẹ́rin yẹn ni mo bá wá. Obìnrin tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni, Alicia Masters, àti àjèjì tó gba ipò rẹ̀.

Stan Lee àti Jack Kirby ló gbé Alicia jáde ní ẹ̀dà 8, lọ́dún 1962. Afọ́jú ni, ère ló ń mọ. Puppet Master, ọkọ ìyá rẹ̀, náà ń fi amọ̀ mọ ènìyàn kéékèèké. Ẹni tí bàbá yìí bá ti mọ ère rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn, ohun tó bá fẹ́ ni onítọ̀hún yóò máa ṣe. Alicia ní tirẹ̀ fọwọ́ pa ojú Ben Grimm, ọ̀kan nínú àwọn akọni mẹ́rin yẹn, ọkùnrin tí ara rẹ̀ ti dà bí òkúta, tí àwọn èèyàn ń sá fún, ó sì bá ọmọlúàbí níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán nínú ìtàn yẹn? Òun ni Alicia fi ń ríran.

Ó wá di 1987, ní ẹ̀dà 300, Alicia fẹ́ Johnny Storm, tí òun náà wà lára àwọn akọni mẹ́rin yẹn bíi Ben. Lọ́dún 1991, ní ẹ̀dà 357, Tom DeFalco tó ń kọ ìtàn náà àti Paul Ryan tó ń yà á tú àṣírí: Alicia kọ́ nìyàwó yẹn! Lyja ni, ọmọ Skrull, ẹ̀yà ará ayé mìíràn tó lè paradà di ẹnikẹ́ni. Tìtorí Ben ni wọ́n ṣe rán an. Ben ò sí nílé, ni ọkàn Lyja bá fà sí Johnny.

Ká ní èmi ni mo kọ ọ́, ère ni mo máa fi mú un. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà síbí. Awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú ère amọ̀ ní Igbó Ọlájà níbẹ̀ láàárín 1969 sí 1971. Ó ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti mọ wọ́n, síbẹ̀ ẹni tó mọ ère wò ń rí ọwọ́ Ifẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya ère Ben méjì sójú ewé kan. Ti Alicia, ẹ jẹ́ kí ipa àtàǹpàkò hàn léraléra níbi ìpéǹpéjú, níbi tó ti ń wá ojú náà kiri. Ti Lyja, ẹ jẹ́ kó dán. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ọmọbìnrin kan nàka: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí Skrull lè pa ọwọ́ dà náà?”

Mo ní ó lè pa ìka dà, àmọ́ ọdún tí Alicia fi kọ́ṣẹ́ ńkọ́?

“Á jẹ́ pé kó lọ kọ́ṣẹ́ nìyẹn.”

Bẹ́ẹ̀ ni o. Kó sì ṣe fírídọ̀ọ̀mù kó tó wá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.