Omi ń fì láìsí mọ́tò: iṣẹ́ tí ìrísí inú ń ṣe nínú fluidic oscillator

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, omi tí a ń tu sí gíláàsì iwájú kì í jáde bí okùn kan ṣoṣo. Ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, kíákíá débi pé ojú ń rí i bí abẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá la ẹnu kékeré tí omi náà ń gbà jáde sí méjì, ẹ ò ní bá mọ́tò níbẹ̀, ẹ ò sì ní bá ohunkóhun tó ń yí. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n gbẹ́ sínú ike ni gbogbo ẹ̀rọ náà; òun ni wọ́n ń pè ní fluidic oscillator. Bowles, Horton àti Warren, nílé ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà kan ní Washington, ló gbé irú iṣẹ́ yìí síta ní 1960.

Omi tó ń sáré a máa lẹ̀ mọ́ ògiri tó bá sún mọ́ ọn; orúkọ Henri Coanda, ọmọ Romania, ni a fi ń pe ìwà yìí. Omi gba ẹnu tóóró wọlé, ó bọ́ sí yàrá tó fẹ̀ jù ú lọ, ó sì lẹ̀ mọ́ ògiri kan, ká ní ti ọ̀tún. Bó ṣe kù díẹ̀ kó jáde, lára rẹ̀ ya sí ọ̀nà àdápadà tó wà lẹ́yìn ògiri náà, ó padà wá sí ìdí yàrá, ó sì ki ara bọ àárín omi àti ògiri. Àpò omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú níbẹ̀. Tó bá wú tó, ó ti omi kúrò lára ògiri ọ̀tún, omi lọ lẹ̀ mọ́ ti òsì, ohun kan náà á sì tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n ń fa ọ̀nà àdápadà gùn kí fífì lè falẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ni, ìyàtọ̀ tí gígùn yẹn ń mú wá kò tó nǹkan, nítorí omi kò ṣeé fún pọ̀: bí a bá ti ìdí kan, orí kejì ti gbọ́. Ìwọ̀n omi tó gbọ́dọ̀ wọ àpò kó tó wú tó ló ń pinnu àkókò. Ìbú yàrá àti ẹnu àbájáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. (Èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà gígùn kan yàtọ̀, gígùn rọ́bà ṣe pàtàkì gan-an níbẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ẹnu àbáwọlé fẹ̀ ní mìlímítà 2, ó sì jìn ní mìlímítà 2. Lítà 1.2 ní ìṣẹ́jú kan yóò gba ibẹ̀ kọjá ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní ó ń fì ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí omi bá di ìlọ́po méjì, fífì yóò sún mọ́ 80, ṣùgbọ́n ìfúnpá tí pọ́ǹpù máa fi tì í yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé ẹ sọ gbogbo ìwọ̀n ara ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, tí ẹ sì fi eré omi sílẹ̀ bó ṣe wà, fífì yóò já sí nǹkan bí 20.

Ẹnu àbájáde ló le jù. Tó bá fẹ̀ jù, omi á kàn gba àárín jáde tààrà, ọ̀nà àdápadà kò ní rí nǹkan jẹ. Tó bá há jù, omi á dá ìfúnpá padà sínú yàrá, eré àbáwọlé á sì wálẹ̀. Lẹ́yìn ẹnu yẹn, ìyẹ́ méjèèjì, ìyẹn ògiri méjì tó là síta, ló ń pín omi: tí omi bá ń lẹ̀ mọ́ wọn pẹ́, etí abẹ̀bẹ̀ á rin gbingbin, àárín á gbẹ. Ẹ rọra yí etí ìyẹ́ náà, ẹ má sì fi kún ìfúnpá pọ́ǹpù.

Òtútù náà ń ba iṣẹ́ jẹ́. Omi tó ki máa ń falẹ̀, àpò inú yàrá kì í wú dáadáa, abẹ̀bẹ̀ á sì há tàbí kó parẹ́. Ẹ̀rọ tí kò jìn tó máa ń tètè kú sí èyí, torí òkè àti ìsàlẹ̀ ń di omi mú.

Ìdérí tó bo àwọn ọ̀nà inú ike, tí kò bá lẹ̀ dáadáa, ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá tó fara pamọ́ jù. Bí àlàfo tó tín-ín-rín bí irun bá wà lókè ògiri, omi á gba ibẹ̀ ré kọjá láti ọ̀nà kan sí èkejì, fífì á sì dáwọ́ dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìwọ̀n pé.

Bí omi bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tí kò kúrò, ẹ má tíì gé nǹkankan. Ẹ tú ẹ̀rọ náà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ọ̀tún rẹ̀ di òsì, kí ẹ tún un so mọ́ rọ́bà kan náà. Tí omi bá tẹ̀ lé ara ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹnu àbáwọlé ló ní èérún ike tó yọ síta tàbí etí tí kò dọ́gba. Tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ wo rọ́bà: ó ti ká sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ jù, omi ń gbé wíwọ́ yẹn wọlé.