Wákàtí 50 Tí Alan Page Ń Béèrè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níjòókòó, mo kí yín o.

Ìka ọmọńdinrín ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ti Alan Page, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó padà di adájọ́, fara pa nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì padà sípò mọ́. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀ka igi. Bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka yòókù á nà síwájú, ọmọńdinrín á kọjú sí ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ọmọdé kì í lè mójú kúrò lára rẹ̀, òun náà kì í sì í fi pa mọ́. Ní 2013, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kamie, tó jẹ́ olùkọ́, kọ ìwé nípa ìka yìí fún àwọn ọmọdé.

Ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bí i ní 1945. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, àwọn kan ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, àwọn kan ń dènà. Adènà ni Page. Àárín gbùngbùn ìlà iwájú ló máa ń dúró sí, níbi tí àwọn òmìrán ti ń forí gbárí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó já àárín wọn kọjá kí kọ́tábáàkì, ẹni tó ń darí àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, tó ráyè ju bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ Minnesota Vikings, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, mú un ní 1967. Ní 1971, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù lọ. Adènà kankan kò gba oyè yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun àti Vikings dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá líìgì náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì pàdánù. N kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni pé ọkùnrin yìí ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ló ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Minnesota, tó sì gboyè ní 1978. Ọdún yẹn náà ni Vikings já a sílẹ̀. Chicago Bears gbà á, ó sì gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn títí di 1981.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá wọn ṣiṣẹ́ lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni bọ́ọ̀lù ní Canton. Ní 1988, wọ́n pè é padà síbẹ̀ láti wá gba ọlá tirẹ̀. Kò mú kóòṣì kankan wá láti fi òun han àwùjọ. Willarene Beasley, obìnrin adúláwọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Minneapolis, ló mú wá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ló sì sọ lọ́jọ́ náà, títí kan ti àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò lè ka ìwé ètò eré tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Diane, dá Page Education Foundation sílẹ̀. Àjọ yìí máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lówó láti kàwé ní Minnesota. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó náà gbọ́dọ̀ lo wákàtí 50 lọ́dún pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹjọ. Á jókòó tì wọ́n, á bá wọn kàwé, á bá wọn ṣe ìṣirò.

Lójú tèmi, wákàtí 50 yẹn níyì ju owó náà lọ. Owó á tán bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí. Ọmọ ọdún méje tí ẹni tó jọ ọ́, tó ti dé yunifásítì, jókòó tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀nà yunifásítì là sílẹ̀ fún òun náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbowó kò sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣàánú nìkan mọ́, òun náà ti di olùrànlọ́wọ́.

Page di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Minnesota lẹ́yìn ìdìbò 1992, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó wà lórí àga náà títí di 2015, nígbà tó pé ẹni 70 ọdún, tí òfin ní kó fẹ̀yìn tì. Ní 2018, Ààrẹ Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ Presidential Medal of Freedom dá a lọ́lá. Diane kò sí níbẹ̀. Ó ti kú ní ọdún yẹn kan náà, kí ọjọ́ náà tó dé. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn méjèèjì ló jọ gbé iṣẹ́ náà ró fún ọgbọ̀n ọdún.

Ní 2017, ilé ìwé kan ní Minneapolis di Justice Page Middle School. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gan-an ló jà fún ìyípadà orúkọ náà. Kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ ni wọ́n wà, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ àjọ yìí ń lọ bá jókòó.