Ìpàtẹ Ìwé ní Iléèwé Girama: Ọjọ́ Kan Kò Tó

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olùtọ́jú yàrá ìkàwé, ẹ̀yin aṣojú ẹgbẹ́ òbí, ẹ kú ìjókòó.

Ohun tó ń ba ìpàtẹ ìwé jẹ́ jù lọ́pọ̀ iléèwé wa ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo la fi ń ṣe é. Ọmọ rí ìwé tó wù ú, kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá wá owó fún un, àmọ́ kó tó dé iléèwé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti palẹ̀ àtẹ mọ́. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ọjọ́ kìíní, wíwò nìkan ni: kíláàsì kan lẹ́ẹ̀kan, ogún ìṣẹ́jú. Kíláàsì 12 á parí láàárín wákàtí mẹ́rin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba bébà pélébé kan, kó kọ orúkọ ìwé mẹ́ta tó wù ú pẹ̀lú iye owó wọn, kó mú un relé. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni títà. Kò sí àyè fún ìkíni àwọn àlejò pàtàkì níbẹ̀ o. Wákàtí tá a fi ń pe àwọn èèyàn ńlá sórí àga, tí ìwé ṣì wà nínú páálí, ọwọ́ àwọn ọmọ la ti gbà á.

Ní ti àsìkò, 23 oṣù kẹrin tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìwé sábà máa ń bọ́ sí ìsinmi tàbí ìwọlé táàmù kẹta, WAEC sì ti ń kanlẹ̀kùn fún SS 3. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọkànlá ló dáa jù lójú tiwa: owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìdánwò táàmù kò tíì dé. Gbọ̀ngàn ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe abẹ́ kánópì, torí òjò kò tíì lọ tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti kọ̀wé sáwọn ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Ìbàdàn ráyè jù: ní Jericho nìkan, ẹ máa rí University Press, Evans àti HEBN. Àdéhùn tó yẹ ni pé kí wọ́n kó ìwé sílẹ̀, ká san owó èyí tá a bá tà, ká dá ìyókù padà. Ẹ béèrè ẹ̀dínwó. Bí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ₦400 ló kúrò lórí ìwé ₦2,000. Ẹ fi ₦300 sílẹ̀ fún ọmọ, kí ₦100 lọ sí yàrá ìkàwé.

Ibi tówó ti ń sọnù jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá ń já ẹrù. Awakọ̀ á máa kánjú, á ní kẹ́ ẹ buwọ́ lu wébíìlì kóun máa lọ. Ẹ má gbà. Kí ẹni méjì ṣí páálí kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, kí wọ́n ka ìwé lórúkọ lórúkọ, kí wọ́n kọ iye tó dín àti èyí tó ya síbẹ̀ ná. Èyí tẹ́ ẹ bá rí pé ó dín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti buwọ́ lù ú, iléèwé ló máa san án.

Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó fẹ̀ ní íǹṣì 30 máa gba ìwé ìtàn 36 tí ojú wọn wà lókè: méjìlá méjìlá ní ìlà mẹ́ta. Ẹ má tò wọ́n jọ bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ kọ "ẹ̀dà ìyẹ̀wò" sára ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ni kí wọ́n máa ṣí. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà bá fọwọ́ kan ewé ìwé, òróró á wọ̀ ọ́ débi pé lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ewé náà á hàn síwájú. Ilé ìtẹ̀wé kò ní gba irú ẹ̀ padà.

Ẹ wá ṣéńjì ₦100 àti ₦200 sílẹ̀. Tó bá jẹ́ tiransifá, kí owó wọlé kí ìwé tó kúrò lórí tábìlì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, kẹ́ ẹ tó tú tábìlì kankan, ẹ fi ìwé tó kù wé rìsíìtì tábìlì yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àwọn bébà pélébé yẹn padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ kọ sílẹ̀ àmọ́ tí wọn kò rówó rà, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi àwọn ₦100 yẹn rà sí yàrá ìkàwé.