Alẹ́ Tí Ìròyìn Subban Bá Mi Nílé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Montreal ni mo ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ní Kémta, ní Abẹ́òkúta, ni mo jókòó sí lọ́sẹ̀ yìí, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ ohùn àkùkọ tàbí ti ọ̀kadà, ẹ má bínú. Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ họ́kì orí yìnyín dé ẹnu mi ni pé inú pálọ̀ yìí gan-an ni mo wà ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2016, nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti fi P.K. Subban, eléré họ́kì ẹgbẹ́ Montreal, ṣe pàṣípààrọ̀.

Oṣù ààwẹ̀ ni. A ti ṣínu, abọ́ ògì wà níwájú mi, fóònù mi sì gbọ̀n lórí tábìlì. Orúkọ Shea Weber ni mo kọ́kọ́ rí, mo rò pé ẹgbẹ́ wa, Montreal Canadiens, ti rí eléré ńlá mìíràn kún àwọn tí a ní ni, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ìlà kejì ni mo ti kà á pé Subban ni wọ́n fi gbà á, pé ẹgbẹ́ Nashville ní Amẹ́ríkà ni ó ń lọ. Mo da ojú fóònù náà délẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà wo ògì mi, ó ti dì lójú, bí mo sì ṣe ti ṣíbí bọ̀ ọ́, awọ rẹ̀ ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi ní, “Ta ló kú?” Mo ní, “Ẹnikẹ́ni kò kú, Bàbá.” Ó ní, “Kí ló wá dé tí ojú rẹ fi rí báyìí?”

Nínú NHL, líìgì họ́kì Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹgbẹ́ kan lè fi eléré rẹ̀ gba ti ẹgbẹ́ mìíràn láìbéèrè lọ́wọ́ eléré náà. Ọjọ́ tí ó bọ́ sí ni ó dùn mí. Àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí Subban tọwọ́ bọ̀ ní ọdún 2014, tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 72 dọ́là, ní ẹ̀tọ́ kan nínú tí yóò jẹ́ kí ó lè kọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2016 ni ẹ̀tọ́ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó ku ọjọ́ méjì péré.

Mo ti ń gbọ́ yín. Ẹnìkan ń sọ níbẹ̀ pé, “Ọmọ Ẹ̀gbá, èwo ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gba mílíọ̀nù 72?” Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn dáadáa. Nígbà tí mo dé Montreal, n kò gbọ́ Faransé, òtútù ń gé mi létí, mo sì bá gbogbo ìlú tí wọ́n ń pariwo orúkọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí bàbá rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, tí ìyá rẹ̀ sì ti Montserrat wá. Ẹ̀yìn ni ipò rẹ̀ lórí yìnyín, ṣùgbọ́n iwájú ni ó máa ń sáré lọ. Òun ni ó gba ẹ̀bùn Norris ní ọdún 2013, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù lọ, òun náà ni ó sì ṣèlérí ní 2015 pé òun yóò kó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là jọ fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Montreal láàárín ọdún méje. Ẹni tí ó bá fi ìlú ṣe ilé bẹ́ẹ̀, ṣé owó nìkan ni èèyàn yóò máa fi wò ó?

Ẹlòmíràn yóò ní Weber náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òtítọ́ ni! Ó di balógun ẹgbẹ́ wa, ó sì kó wọn dé àṣekágbá Stanley Cup, ife-ẹ̀yẹ NHL, ní 2021. Mo pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta mí. Subban pẹ̀lú bá Nashville dé àṣekágbá ní 2017, nítorí náà ta ló jèrè kọ́ ni mo ń bá yín jiyàn lé lórí.

Èyí tí ó máa ń gbóná lára mi jù lọ ni bí àwọn kan ṣe máa ń sọ pé olólùfẹ́ tòótọ́, ẹgbẹ́ ni í tẹ̀lé, kì í tẹ̀lé eléré. Ẹ lọ sọ ọ́ fún bàbá mi! Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Rashidi Yekini kúrò ní 3SC ti Ìbàdàn wá sí Abiola Babes níbí ní 1984, inú àwọn ará Ìbàdàn bàjẹ́, inú Abẹ́òkúta dùn. Ẹgbẹ́ náà gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987, Yekini sì kọjá sí Africa Sports ní Abidjan. Ṣé bàbá mi gbàgbé rẹ̀ ni? Nígbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bulgaria ní 1994, tí ó di àwọ̀n mú tí ó ń sunkún, bàbá mi dìde nínú pálọ̀ yìí, ó ń pariwo pé, “Ọmọ wa ni! Ọmọ wa ni!” Lónìí, kò sí Abiola Babes mọ́. Ta ni kí bàbá mi máa tẹ̀lé?

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Subban padà wá bá wa ṣeré ní Montreal, nínú aṣọ Nashville. Gbogbo pápá dìde fún un, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún. A borí wọn pẹ̀lú àmì ayò 2 sí 1, ayò kejì wọlé nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Mo pe bàbá mi. Ìdájí ni ní Abẹ́òkúta, ó ti jí, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo ní, “Bàbá, a borí wọn.”

Ó ní, “Ẹ̀yin wo?”

Aṣọ Montreal ni mo wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ńbà 76 Subban ni ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀.